Ọmọ Tí Kókó Wà Nínú Ọpọlọ Rẹ̀, àti Àárò Tí Ó Yẹ Kí A Bá Àwọn Òbí Rẹ̀ Ṣe

Gbogbo ẹni tí ó bá mọ ìtàn Èbúté Mẹ́ta mọ̀ pé ìlú àwọn tí a gbà mọ́ra ni. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1867, nígbà tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí a ba ilé ìsìn jẹ́, tí a sì lé àwọn òyìnbó oníwàásù jáde, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ di ẹrù wọn, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ wá sí Èkó. Glover, tí àwọn baba wa ń pè ní Gólóbà, ni ó fún wọn ní ilẹ̀ ní ìhín ọ̀sà, a sì pe ibẹ̀ ní Àgọ́ Ẹ̀gbá. Ẹni tí ó sá wá pẹ̀lú aya àti ọmọ, tí ó fi oko àti ilé sílẹ̀, kò lè dá ilé mìíràn kọ́. Láti ìpìlẹ̀ ni àdúgbò wa yìí ti mọ ohun tí ó ń jẹ́ ẹrù tí ènìyàn kan kò lè dá gbé.

Ohun tí ó mú wa rántí ìtàn yìí ni irú ẹrù kan tí ó ń wọ ilé àwọn ènìyàn wa lónìí. Ẹrù náà ni jẹjẹrẹ ọpọlọ lára ọmọdé. A kò kọ̀wé yìí láti dẹ́rù ba ìyá ọmọ kankan. A kọ ọ́ nítorí pé àìsàn náà ní ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ìtọ́jú náà gùn. Àti nítorí pé àwa aládùúgbò àti ará ìjọ máa ń ṣe púpọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, a kì í sì í ṣe ohun kan mọ́ ní oṣù kẹta. Oṣù kẹta yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ àìsàn náà. Nígbà mìíràn kókó kan a máa hù nínú ọpọlọ ọmọ. Òmíràn kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í tàn kálẹ̀; òmíràn jẹ́ jẹjẹrẹ, a máa yára dàgbà, a sì lè tàn dé ọ̀pá ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n agbárí kì í ṣe ikùn tí ó lè fẹ̀, egungun ni. Nítorí náà kókó kékeré pàápàá lè fún ọpọlọ mọ́ra, kí ó sì dí ọ̀nà tí omi inú orí ń gbà ṣàn. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jùlọ nínú àwọn jẹjẹrẹ ọpọlọ ọmọdé ni èyí tí Bailey àti Cushing ní Amẹ́ríkà fún ní orúkọ ní ọdún 1925, tí àwọn dókítà ń pè ní medulloblastoma. Apá ìpàkọ́ ni ó máa ń hù sí, níbi tí ọpọlọ ti ń ṣe àkóso ìrìn àti ìdúró wa.

Ní ti èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, kò sí ohun tí ìyá jẹ nígbà oyún, kò sì sí ohun tí bàbá ṣe, tí ó mú àìsàn náà wá. Kì í ràn. Ọmọ náà kì í ṣe emèrè, kì í ṣe abíkú, àìsàn rẹ̀ kì í sì í ṣe àfọwọ́fà ìyá-ọkọ tàbí orogún ẹnikẹ́ni. Bí ilé kan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù, ilé náà ti ní àìsàn méjì, dókítà kò sì ní oògùn èkejì.

Àmì rẹ̀ a máa jọ àmì àìsàn kéékèèké, ìdí nìyí tí ó fi ń tan ènìyàn jẹ. Orí a máa fọ́ ọmọ, pàápàá ní òwúrọ̀ bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Yóò bì, lẹ́yìn náà ara rẹ̀ yóò fúyẹ́ díẹ̀, yóò sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ìyá yóò ní ibà ni, wọn yóò lo oògùn ibà. Orí tún fọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Wọn yóò ní aràn ni. Lẹ́yìn náà ọmọ tí ó ti ń sáré bẹ̀rẹ̀ sí ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó ń di ògiri mú, ó ń da omi inú ife sílẹ̀. Ojú rẹ̀ méjèèjì kò wo ibi kan náà mọ́, tàbí ó ń rí ohun kan bí méjì. Ó ń gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gìrì mú un láìsí ibà. Ìkọ̀wé rẹ̀ tí ó dára tẹ́lẹ̀ bàjẹ́. Ọmọ ọlọ́yàyà di ẹni tí ń sùn ṣáá. Ní ti ọmọ ọwọ́, orí rẹ̀ lè máa tóbi ju bí ó ti yẹ lọ. Bí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí bá ń padà wá ṣáá, tàbí bí méjì bá pàdé lára ọmọ kan, ẹ má ṣe dúró de ẹ̀kẹta. Federal Medical Centre, tí í ṣe ilé ìwòsàn Rélùwéè láyé àtijọ́, wà ní Èbúté Mẹ́ta níhìn-ín. Láti ibẹ̀ a lè fi ìwé rán ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, níbi tí àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ wà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa nìkan ni a ń pẹ́ kí a tó mọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, nígbà kan rí, ó máa ń ju ọ̀sẹ̀ 14 lọ láti ọjọ́ tí àmì kìíní bá hàn títí dé ọjọ́ tí dókítà yóò mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Ní ọdún 2011 àwọn kan níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìpolongo kan tí wọ́n pè ní HeadSmart: wọ́n tẹ àwọn àmì náà sí orí páálí kékeré, wọ́n sì pín in fún òbí, olùkọ́ àti dókítà. Láàrin ọdún méjì àkókò náà dín kù sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 7. Páálí kékeré ni ó ṣe èyí, kì í ṣe oògùn tuntun. Ìdí nìyí tí a fi ka àwọn àmì náà sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ lókè. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ gé e kúrò nínú ìwé ìròyìn yìí, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri.

Nígbà tí dókítà bá sọ pé a ó la orí ọmọ, ẹ̀rù a ba òbí. Àgbà ilé kan yóò sì wí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n ibí kọ́ ni ààyè rẹ̀. Kì í ṣe orí ni a ń bẹ́. Ilẹ̀kùn ni a ṣí kí a lè yọ ohun tí ó wọlé láìgbàṣẹ. Iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe àjèjì láàrin wa. Ọmọ Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́ ni Latunde Odeku, tí a bí ní ọdún 1927. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà, ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Michigan, ó sì padà wá sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní ọdún 1962. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ náà. Ó kú ní ọdún 1974, kò tíì pé ọmọ àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ń bẹ títí di òní, ó sì ti tàn dé ilé ìwòsàn púpọ̀. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń la orí aláìsàn, tí wọ́n sì ń dí i padà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ọmọ 400,000, láti ọmọ ọwọ́ títí dé ẹni ọdún 19, ni jẹjẹrẹ onírúurú ń mú ní ọdọọdún. Ní àwọn ilẹ̀ ọlọ́rọ̀, ó ju 80 lọ nínú ọgọ́rùn-ún wọn tí ara wọn ń dá. Ní àwọn ilẹ̀ tí kò lówó, kò tó 30. Ní ọdún 2018 àjọ náà dá ètò kan sílẹ̀ pé, nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2030, ó kéré tán kí 60 nínú ọgọ́rùn-ún máa yè káàkiri ayé. Nígbà tí wọ́n ka ìdí tí ìyàtọ̀ náà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n dárúkọ àìtètè mọ àìsàn, wọ́n dárúkọ àìrí ìtọ́jú gbà, wọ́n sì dárúkọ ọ̀kan tí ó yẹ kí ó bà wá lọ́kàn jẹ́: fífi ìtọ́jú sílẹ̀ láìparí. Àwa kò lè ra ẹ̀rọ fún ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n bí ìyá kan ní òpópó wa bá fi ìtọ́jú ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà nítorí owó ọkọ̀, tàbí nítorí pé kò sí ẹni tí yóò bá a wo àwọn ọmọ yòókù, ọ̀rọ̀ náà kan àwa pẹ̀lú.

Ẹ wo bí ọ̀nà náà ti gùn tó. Bí ó bá jẹ́ medulloblastoma ni, iṣẹ́ abẹ ni ó máa ń ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀, bí ọmọ bá ti ju ọdún mẹ́ta lọ, a ó fi ẹ̀rọ onítànṣán wo orí àti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ti àwọn ọmọ tí ó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn dókítà a máa sá fún ìtànṣán bí wọ́n bá lè ṣe é, nítorí ọpọlọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà. Ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀ ni ìtọ́jú ìtànṣán, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: ìgbà 30 ni àlọ, ìgbà 30 sì ni àbọ̀. Láti ọdún 2019 ni ibi ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí a ń pè ní NSIA-LUTH ti ṣí ní Ìdí-Àràbà, èyí tí a ná mílíọ̀nù 11 dọ́là lé lórí, nítorí náà ẹni tí ń gbé Èbúté Mẹ́ta kò ní láti wọ ọkọ̀ òfuurufú. Síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ la Ojúẹlẹ́gbà kọjá ní òwúrọ̀ pẹ̀lú ọmọ tí èébì ń gbé. Bí ó bá jẹ́ ọmọ kékeré tí kò lè dúró jẹ́ẹ́, a ó fún un ní oògùn oorun ní ojoojúmọ́. A kì yóò sì jẹ́ kí ó jẹun kí ó tó lọ. Ẹ fojú inú wo ìyá tí ó ń gbọ́ igbe ebi ọmọ rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tí kò rìn. Lẹ́yìn ìtànṣán ni oògùn tí a ń fà sí iṣan, fún oṣù púpọ̀, tí ó lè sún mọ́ ọdún kan.

Níhìn-ín ni a fẹ́ rán àwọn òǹkàwé wa létí ohun méjì tí àwọn baba wa mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn. Nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ bo ilé, ó pe ọ̀wẹ̀: gbogbo ènìyàn dé ní ọjọ́ kan, onílé se oúnjẹ fún wọn, a bo ilé náà tán, olúkúlùkù sì lọ. Àárò kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn díẹ̀ ni ó ń ṣe é, wọ́n mọ ara wọn, wọ́n sì mọ ọjọ́ olúkúlùkù. Lónìí oko tèmi, ní ọ̀túnla oko tìrẹ, títí yóò fi kárí. Bí a bá gbọ́ pé ọmọ kan ń ṣàìsàn ńlá, ọ̀wẹ̀ ni a máa ń ṣe. A kún inú ilé, a sunkún, a gbàdúrà gígùn, ìyá ọmọ sì ń wá àga fún wa, ó ń bu omi, ó ń dáná. Nígbà tí yóò bá fi di àlọ kẹtàlá sí Ìdí-Àràbà, ilé ti dá. Àìsàn yìí kì í ṣe òrùlé tí a lè bò ní ọjọ́ kan. Àárò ni ó ń fẹ́.

Àwọn tí ń ka Ìhìn Rere mọ ìtàn arọ tí a gbé wá sọ́dọ̀ Olúwa ní Kapánáúmù. Ẹni mẹ́rin ni ó gbé e. Èrò pọ̀ ní ilé náà ní ọjọ́ yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀nà fi dí, ṣùgbọ́n gbogbo èrò náà kò gbé arọ ní ìṣísẹ̀ kan. Ìdíwọ́ ni wọ́n jẹ́. Ẹni mẹ́rin tí olúkúlùkù di igun tirẹ̀ mú ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Bí ìjọ kan bá lè rí ẹni mẹ́rin tòótọ́ fún ilé kan, ó ti ṣe ju ogójì olùbẹ̀wò lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ilé kan ní ẹ̀yìn ọjà Òyìngbò. Bàbá ń tún ọkọ̀ ṣe, ìyá ń ta aṣọ, wọ́n bí ọmọ mẹ́ta. Èyí àárín, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ni ó ń ṣàìsàn. Báwo ni a ó ṣe pín àárò fún wọn?

Èkínní ni ìrìn àjò. Kí ẹni márùn-ún gba ọjọ́ márùn-ún. Ẹni tí ó gba ọjọ́ Ajé yóò mọ̀ pé ní gbogbo ọjọ́ Ajé, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òun ni yóò wá ọkọ̀ tàbí san owó rẹ̀, tí yóò sì bá ìyá jókòó. Yàrá ìtànṣán kò gba ìyá. Ọmọ nìkan ni ó ń dùbúlẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ìbòjú tí a wọ̀n mọ́ ojú rẹ̀ kí orí rẹ̀ má ba à mì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú wọ̀nyí gùn lójú ẹni tí ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò yẹ kí ó dá dúró níbẹ̀.

Èkejì ni oúnjẹ. Ẹ má ṣe bi ìyá pé, “Kí ni ẹ fẹ́ kí a ṣe?” Ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú kò lè ronú iṣẹ́ fún yín, yóò dáhùn pé, “Ẹ ṣeun, a dúpẹ́,” ebi yóò sì sùn sí ilé náà. Ẹ sọ pé, “Màmá, èmi ni yóò máa gbé ọbẹ̀ wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì,” kí ẹ sì gbé e wá nínú ìkòkò tí wọn kò ní láti dá padà ní kíákíá.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀jẹ̀. Ìtọ́jú yìí lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ gbẹ, ilé ìwòsàn yóò sì máa bèèrè fún ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lónìí kò gbọdọ̀ tún fi sílẹ̀ títí oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin yóò fi kọjá. Nítorí náà bí ogún ọ̀dọ́kùnrin ìjọ bá lọ ní ọjọ́ kan pẹ̀lú orin àti ìlù, kò ní ku ẹnì kan ní oṣù tí ń bọ̀. Kí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí a sì máa rán wọn ní méjì méjì.

Ẹ̀kẹrin ni owó. Kí a yan ẹni méjì tí a mọ̀ sí olóòótọ́ láti máa gba owó, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sínú ìwé tí bàbá ọmọ lè rí nígbàkígbà. Owó kékeré tí ó ń wọlé ní oṣooṣù sàn ju owó ńlá ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí pé oògùn kò ní parí lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé àwòrán ọmọ tí irun rẹ̀ ti re kiri láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òbí àti lọ́wọ́ ọmọ fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ mọ ìtìjú. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ran ẹbí aláìsàn lọ́wọ́ wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá. Ẹgbẹ́ aláàánú bí The Dorcas Cancer Foundation, tí ń bójú tó àwọn ọmọ tí ó ní jẹjẹrẹ, sì wà ní Èkó níhìn-ín. Kí ọ̀kan nínú wa bá òbí lọ béèrè, nítorí pé ìtìjú kì í jẹ́ kí wọ́n dá lọ.

Ẹ̀karùn-ún ni ìtajà ìyá àti iṣẹ́ bàbá. Bí ìsọ̀ bá wà ní títì fún oṣù mẹ́fà, àwọn oníbàárà yóò lọ. Kí obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ máa bá a ṣí i ní ìdajì ọjọ́. Ẹ má sì ṣe gbàgbé bàbá. Gbogbo ènìyàn a máa bi í pé, “Ìyá ọmọ ń kọ́?” kò sì sí ẹni tí ń bi í pé, “Ìwọ ń kọ́?” Kí ọkùnrin kan máa bá a jókòó ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kódà bí wọn kò bá tilẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹfà ni àwọn ọmọ tí ara wọn dá. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò aláìsàn ń jẹ oúnjẹ olóúnjẹ, wọ́n ń sùn sí ilé onílé, wọn kò sì gbọdọ̀ kùn. Òmíràn nínú wọn ń ru ẹrù tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni: ó rántí ọjọ́ tí òun fi ìkúùkù lu àbúrò òun lórí, ó sì rò pé òun ni ó fa kókó náà. Kí àgbà kan pè é sí ìkọ̀kọ̀, kí ó sì sọ fún un ní kedere pé kì í ṣe òun. Kí a san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí a sì rántí ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Àwọn ohun kan tún wà tí olùbẹ̀wò gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe yín, ẹ má ṣe wọ ilé náà, nítorí oògùn jẹjẹrẹ a máa sọ ara ọmọ di aláìlágbára láti bá àrùn jà. Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé ìwọ̀n 38, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe ọ̀gànjọ́ òru; kí a má ṣe sọ pé ibà lásán ni. Nítorí náà ó dára kí ẹnì kan tí ó ní ọkọ̀ fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ fún òru. Ẹ má ṣe gbé àgbo lọ fún un láìbi dókítà. Ó lè ba oògùn tí ó ń lò jà. Bí ojú rẹ̀ bá wú, tí ó ń jẹun púpọ̀, tí inú sì ń tètè bí i, ẹ má ṣe sọ pé ó ti di akẹ́bàjẹ́. Oògùn tí ó ń dín wíwú ọpọlọ kù ni ó máa ń fa èyí. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ní ìpàkọ́ ọmọ náà dákẹ́, tí kò sọ ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹ má ṣe sọ pé wọ́n ti pa ohùn rẹ̀. Ó lè tó ọ̀kan nínú mẹ́rin nínú àwọn ọmọ tí a yọ medulloblastoma fún tí èyí ń ṣẹlẹ̀ sí, ọ̀rọ̀ a sì máa padà sí ẹnu wọn ní ọ̀pọ̀ ìgbà, bí ó tilẹ̀ kọ́kọ́ ń falẹ̀. Ó ń gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu, àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ méjì. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi bá a jókòó lórí ilẹ̀ láìsọ̀rọ̀, wọ́n sì ṣe dáradára ní ọjọ́ méje náà. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu láti ṣàlàyé ìdí tí ìyà fi jẹ ẹ́ ni wọ́n ṣẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe bi ìyá ọmọ pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ó wà ní ìdílé wọn. Ẹ má ṣe ka ìtàn ọmọ mìíràn tí ó kú sí i létí. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún un pé bí ó bá ní ìgbàgbọ́ kò ní gbé ọmọ padà lọ sí ilé ìwòsàn. Lúùkù tí ó kọ Ìhìn Rere, oníṣègùn ni. A lè gbàdúrà nínú bọ́ọ̀sì tí ń lọ sí Ìdí-Àràbà; àdúrà tí ó bá dá bọ́ọ̀sì náà dúró ní ọ̀nà ni a kò fẹ́.

Bí ìtọ́jú bá sì parí, tí a dúpẹ́ ní ilé ìsìn, kí àárò má ṣe tú ká ní ọjọ́ náà. Ní àwọn ilẹ̀ tí ìtọ́jú ti pé, bí ọmọ méje sí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni ó ń yè nínú àwọn tí a tètè rí medulloblastoma wọn kí ó tó tàn. Ṣùgbọ́n ìwòsàn náà a máa fi àpá sílẹ̀. Oògùn kan lè dín gbígbọ́ etí kù; ìtànṣán lè mú kí ọmọ pẹ́ kí ó tó ga, kí ó sì máa falẹ̀ nínú ìṣirò àti ìwé kíkà. Kí olùkọ́ mọ̀ èyí. Kí ó fi ọmọ náà sí iwájú, kí ó fi àkókò kún ti ìdánwò rẹ̀, kí ó má sì pè é ní olódo. Òbí yóò máa bẹ̀rù ní gbogbo ìgbà tí a bá tún fẹ́ ya àwòrán orí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ lọ kí wọn.

A gbọ́dọ̀ sọ èyí tí ó kù pẹ̀lú. Nígbà mìíràn kókó náà a padà, àwọn dókítà a sì sọ pé àwọn kò ní ohun tí yóò wò ó sàn mọ́. Ní ọjọ́ náà iṣẹ́ kò tíì tán. Oògùn ń bẹ tí a fi ń mú ìrora rọlẹ̀. Ẹ bá òbí béèrè fún un, nítorí kò yẹ kí ọmọ kankan jẹ̀rora dé òpin. Bí ó bá sì lọ, àṣà wa kì í jẹ́ kí òbí tẹ̀lé òkú ọmọ, àwọn ènìyàn a sì máa wí pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Ìfẹ́ ni a fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó gbé ọmọ rìn ìgbà 30 lọ sí ibi ìtànṣán mọ̀ pé kì í ṣe omi ni. Orúkọ ni ọmọ náà ní. Ẹ máa dá orúkọ náà. Kí ẹni tí ó ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun tún gbé ọbẹ̀ wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó tẹ̀lé ìsìnkú, àti ní èyí tí ó tẹ̀lé e.

Àbá wa nìyí sí àwọn Ẹgbẹ́ Ìyá, àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àti àwọn àlùfáà ní Èbúté Mẹ́ta, Yábàá, Sùúrùlérè àti Muṣin: kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí a kọ orúkọ àwọn tí ó ṣe tán sí, ti ọkọ̀, ti oúnjẹ, ti ẹ̀jẹ̀, ti alẹ́, kí àìsàn tó wọ ilé ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀ yìí. Ó lè jẹ́ pé ìwé náà yóò wà nínú àpótí fún ọdún mẹ́ta láìsí ẹni tí yóò béèrè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dúpẹ́ bí ó bá rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá jí ní òwúrọ̀ kan ní òpópó wa pẹ̀lú orí fífọ́ tí kò lọ, kí ìyá rẹ̀ má ṣe dá nìkan wọ bọ́ọ̀sì.

Kí Olúwa, ẹni tí ó gbé àwọn ọmọdé sí apá rẹ̀ tí ó sì súre fún wọn, wo gbogbo ọmọ tí ó wà lórí ibùsùn ní Ìdí-Àràbà ní alẹ́ yìí, kí ó fún àwọn tí ń tọ́jú wọn ní ọgbọ́n, kí ó sì fún àwa aládùúgbò ní ẹsẹ̀ tí kì í rẹ̀. Àmín.